Ìwé Tí Kò Léèyàn Nínú

Bàbá Ṣówándé gbé ìwé náà lé orí káńtà, ó fi ìka kan tì í padà sọ́dọ̀ Ìbídùnní bí ẹni tó ń dá ọbẹ̀ tó ti kan padà fún ẹni tó bù ú.

“Kò sí èèyàn nínú rẹ̀,” ni bàbá wí.

“Ẹ káàárọ̀ ná, bàbá.”

“Hẹn, káàárọ̀, ọmọ mi. Má bínú, inú ló ń bí mi. Ṣé o jí dáadáa? Kò sí èèyàn nínú rẹ̀ ni mo wí.”

Ìbídùnní wo ẹ̀yìn bàbá. Àwọn tó ń lọ sísinmi ti tò láti ìdí káńtà rẹ̀ títí dé ẹnu géètì èbúté, kálukú dúró lórí àmì tirẹ̀, ẹnìkan kò fara kan ẹnìkejì, gbogbo wọn ló ki nǹkan bọ etí. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀sà, àwọn ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ń mì jẹ́jẹ́, wọ́n ń dúró de àwọn tí wọn óò kó lọ. Ẹnìkan sí erékùṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìsinmi wí, ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ ẹnìkan.

Àwọn káńtà yòókù ti di dígí. Dígí ló ń yọ ìwé síta bí ẹni ń yọ ahọ́n síni. Ti Ìbídùnní nìkan ló ṣẹ́kù tí èèyàn ẹlẹ́ran-ara jókòó sí, torí òfin ṣì sọ pé ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ẹnu èèyàn kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa wí pé: “Ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ tí mo yàn fún yín nìyí. Ẹ máa gbádùn ìsinmi yín.” Ó yàn án kẹ̀? Kò yan nǹkan kan o. Òṣùwọ̀n ló ń yàn, ẹ̀rọ ribiti tó so kọ́ òkè orí rẹ̀, tó ń tipa ẹ̀gbà ọwọ́ mọ bí ọkàn gbogbo ará ìlú ṣe ń lù, tó sì ń kọ ìtàn tó bá ọkàn kálukú mu. Ẹnu lásán ni Ìbídùnní yá a. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí ló ń bá a gbé ilé ayé.

“Bàbá, tí ẹ bá dá ìwé yìí padà, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì mọ ohun tí òfin wí.”

“Ẹni tí ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ kò bá lára mu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ilé Ìdákẹ́rọ́rọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti dàgbà, n kò tíì sinwín.”

Ilé Ìdákẹ́rọ́rọ́ wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, ó funfun báláú. Wọ́n ní wọ́n ń tọ́jú àwọn tó wà níbẹ̀ dáadáa, pé ariwo kankan kì í dé etí wọn, ohùn kankan kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Kò sí ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ rí tó wá sọ bóyá òótọ́ ni.

“Ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀.”

Bàbá jókòó. Ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, kó tó di pé ẹ̀rọ ń tẹ ọkọ̀ jáde bí ẹni tẹ búrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ sì gbòòrò títí di báyìí. Ó ṣí ìwé náà. Ó fúyẹ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, lẹ́tà sì yọ lójú rẹ̀.

“Ìwọ náà gbọ́ ná. Ọkùnrin kan ń gbálẹ̀ létí omi. Iyanrìn funfun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ó dáa. Mo ní kí n dúró wo ẹni tí yóò kọjá. Mo ṣí ojú ewé kejì, ó ń gbálẹ̀. Oòrùn yọ, ó ń gbálẹ̀. Oòrùn wọ̀, ó ń gbálẹ̀. Mo kà á dé ìparí, ọmọ mi, kò sí ẹnìkan tó kọjá kó wí pé ẹ kú iṣẹ́!”

“Bàbá, ẹ rọra.”

“Àní ẹyọ ẹnìkan! Irú ìlú wo nìyẹn? Ọ̀tá ẹni pàápàá, tó bá bá ni lẹ́nu iṣẹ́, yóò kí ni, ì báà tilẹ̀ máa ránmú. Èmi fúnra mi ni mo pariwo nínú yàrá mi pé: Ẹ kú iṣẹ́ o! Ó dákẹ́. Kò mà gbójú sókè. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ mi ti yí padà.”

Kódà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ń di àwọ̀ ìyeyè. Tó bá pọ́n, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

“Wọ́n ní ó fúyẹ́,” ni bàbá wí, ó sì pa ìwé náà dé. “Ó wúwo lọ́wọ́ mi ju odó lọ.”

Nígbà tí Wúràọlá, ìyàwó bàbá, ṣì wà láyé, àwọn méjèèjì jọ ń wá sí èbúté ni, bí òfin tilẹ̀ ń yà wọ́n sí erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tí Òṣùwọ̀n ń fún wọn nígbà náà kún bí ilé ìgbéyàwó. Alásè kan wà níbẹ̀ tó jẹ ẹran àlejò tán, tó wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ológbò. Ìyàwó tuntun kan wà tó gbàgbé ọkọ rẹ̀ sí ibùdókọ̀. Àwọn ìbejì arúgbó kan wà tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, tọkọtaya náà kì í délé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Iwájú káńtà yìí gan-an ni wọ́n ń dúró sí, tí wọn yóò máa ròyìn èèyàn inú ìwé fún ara wọn bíi pé aládùúgbò wọn ni, Wúràọlá a sì rẹ́rìn-ín títí ìdí aṣọ yóò fi fẹ́ẹ́ tú. Ìbídùnní a máa fetí kó ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń jí àkàrà jẹ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Wúràọlá, Òṣùwọ̀n rí i pé ọkàn bàbá kò lù dọ́gba mọ́, èèyàn inú ìwé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ìyàwó tuntun ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn ìbejì tẹ̀lé e. Lọ́dún tó kọjá, ológbò nìkan ló kù. Lọ́dún yìí, ológbò pàápàá ti wábi gbà.

Ìbídùnní gbójú sókè sí ẹ̀rọ ribiti náà. “Òṣùwọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún bàbá ní ìwé mìíràn.”

“Èyí ló fúyẹ́ jù,” ni Òṣùwọ̀n dáhùn. Ohùn rẹ̀ dùn, ó tutù, ó jọ ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

“Ẹ fi ẹnìkan kún un. Ẹnìkan péré, kó kàn kọjá lọ.”

“Èèyàn ni ẹrù tó wúwo jù nínú ìtàn. Ẹni tó bá wọlé lè jáde. Ẹni tó bá jáde lè má padà. Ọkàn arìnrìn-àjò yìí kò lè gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wí gbólóhùn yín, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

“Ìwọ lo kò lè gbé e!” ni bàbá wí sókè, ó nawọ́ sí Òṣùwọ̀n. “Èmi gbé Wúràọlá fún ọdún gbọọrọ, kò já bọ́ lọ́wọ́ mi, ikú ló gbà á.”

“Bàbá, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbà ọwọ́ yín.”

Bàbá fi ọwọ́ gbòòrò yẹn bo ẹ̀gbà náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìbídùnní wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà náà ni nǹkan kan bọ́ sí i lọ́kàn, ó sì dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Ìwé tí Òṣùwọ̀n fún òun náà nígbà ìsinmi tó lọ kẹ́yìn, obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń fọ aṣọ létí odò. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó ká a. Kò sí ọmọ tó wọ aṣọ náà, kò sí ọkọ tó ni ín. Ó kà á tán lọ́dún náà, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé ìwé yìí tù mí lára. Àṣé òun náà ti dẹni tí wọ́n ń yọ èèyàn kúrò nínú ìwé fún, òun kò tilẹ̀ fura. Háà! Èèyàn mà lè dá wà títí kó má mọ̀ mọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣe, òfin sì kà á léèwọ̀. Wọ́n ń pè é ní àfikún ẹnu. Ẹni tó bá jókòó sí káńtà kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ bu ohunkóhun mọ́ ìwé tí Òṣùwọ̀n ti wọ̀n. Títílọlá tó jókòó sí káńtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà kan, ohun tó ṣe kò ju pé ó sọ fún arìnrìn-àjò kan pé, “Ìparí rẹ̀ á pa yín lẹ́rìn-ín.” Kó tó di ọjọ́ kejì, dígí ti wà níbi àga rẹ̀.

Ìbídùnní ronú kan ilé rẹ̀. Òkè téńté ló ń gbé, nínú ilé alájà gíga kan. Ilẹ̀kùn ń ṣí fúnra rẹ̀. Oúnjẹ ń gba ara ògiri jáde, kò sì sí ẹni tí èèyàn yóò wí fún pé ẹ ṣé. Bí kì í bá ṣe àga yìí, ahọ́n rẹ̀ ì bá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ káàárọ̀. Tí wọ́n bá gba àga yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò kí, ta ni yóò kí i? Ẹ̀rù bà á, kò ní parọ́, ẹ̀rù bà á gidigidi.

Bàbá ti dìde. “Jẹ́ kí n máa lọ, ọmọ mi. Má fi tèmi ba tìrẹ jẹ́. Ṣebí ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ni ilé mi látijọ́ yìí, kí wọ́n kàn kó o lọ sórí òkè ló kù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un pinnu.

“Bàbá, ẹ jókòó. Ojú ewé wo ni oòrùn ti wọ̀ nínú ìwé yẹn?”

“Ó ń wọ̀ káàkiri. Àkọ́kọ́ wà nínú orí kìíní, níbi tó ti ń gbá ìdí igi ọ̀pẹ.”

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí oòrùn bá ń wọ̀ ní erékùṣù yín, kí ẹ ṣí ibẹ̀, kí ẹ dúró. Èmi ni mò ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbé agbọ̀n lérí. N óò rí ọkùnrin yẹn nídìí igi ọ̀pẹ, n óò sì wí pé, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Òkè orí rẹ̀ dún kín-ín. “Àfikún ẹnu,” ni Òṣùwọ̀n wí.

Bàbá wo òkè, ó wo Ìbídùnní. Ó rọra jókòó padà.

“Agbọ̀n kí ni?”

“Agbọ̀n ẹja ni.”

“Ẹja kí ni?”

“Bàbá!”

“Mo fẹ́ mọ̀ ni. Èèyàn kì í dédé gbé agbọ̀n.”

“Ẹja ọ̀bọ̀kún.”

“Tútù àbí yíyan?”

“Àfikún ẹnu,” ni Òṣùwọ̀n tún wí.

“Yíyan ni, bàbá. Ó ṣì ń gbóná, mo sì fi ewé bò ó.”

“Òórùn rẹ̀ á ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ.” Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, bí ẹni tó ń dán nǹkan tó ti pẹ́ ní àjà wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. “Yóò dá ọ lóhùn. Yóò gbé ọwọ̀ dúró, yóò ní, oo, ẹ kú àbọ̀ o, ṣé àlàáfíà ni ẹ bá ibẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹja lojú rẹ̀ ń wò.”

“N óò fún un ní ẹyọ kan.”

“Ẹyọ kan kẹ̀? Ẹni tó ti ń gbálẹ̀ láti ojú ewé kìíní?”

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ ewé, Ìbídùnní sì yára wí gbólóhùn rẹ̀ kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. “Ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ tí mo yàn fún yín nìyí. Ẹ máa gbádùn ìsinmi yín.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́.

Géètì wọn ìwé náà, kò rí èèyàn kankan nínú rẹ̀, ó sì ṣí. Ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, iná pupa tàn lókè orí Ìbídùnní.

“Ìbídùnní Ògúnṣọlá,” ni Òṣùwọ̀n wí pẹ̀lú ohùn dídùn yẹn, “ọkàn yín ń lù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ óò lọ sísinmi lónìí. Ọkọ̀ tó kàn ni tiyín. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín.”

A dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá fi padà, dígí ni yóò bá, tàbí ẹnu ẹlòmíràn. Ìwé tuntun kan yọ jáde níwájú rẹ̀ láti inú káńtà tirẹ̀, ó sì mú un, torí kò sí ohun mìíràn láti mú.

Bàbá ti gbọ́. Ó dúró sí ẹnu ọkọ̀, ó yíjú padà, gbogbo èrò tó tò síbẹ̀ sì ń wò ó, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti lọgun ní èbúté.

“Ìwọ ńkọ́?” ni bàbá ń kígbe. “Ta ni yóò kọjá nínú tìrẹ?”

Ìbídùnní mi orí.

“Èmi ni! Tí oòrùn bá ti wọ̀! Pákó ni n óò rù, pákó ọkọ̀! Erékùṣù tó ní àgbọn wíwọ́ ni wọ́n fún mi, máa wo ọ̀ọ́kán ibẹ̀!”

Ọkọ̀ gbé e lọ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Ìbídùnní dé erékùṣù tirẹ̀. Ilé kékeré kan ló wà níbẹ̀, ibùsùn kan, àga kan, ife kan, abọ́ kan, agbọ̀n kan fún aṣọ tó bá dọ̀tí. Lórí òrùlé, iná kan wà tó ń tàn bí ọkàn ẹni tó wà nínú ilé bá ṣe rí, kí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ lè mọ ibi tí yóò yà. Tó bá pọ́n, wọn kò ní bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ilé funfun orí òkè yẹn ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ tààrà.

Ó wo òdìkejì omi. Erékùṣù wà káàkiri, kékeré kékeré, iná kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí àgbọn wíwọ́ náà ní ọ̀ọ́kán, ó tẹ̀ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń wá owó nínú omi. Iná tó wà lórí òrùlé ibẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè.

Ó jókòó, ó dìde. Ó ronú pé ẹ̀rín èbúté ti tán lára bàbá, pé ó ti jókòó sínú ilé tó dákẹ́, ó ti ṣí ìwé, ọkùnrin yẹn sì tún ń gbálẹ̀. Òun ló rán bàbá lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi dì í lẹ́rù. Ìyeyè náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, bí ata tó ń pọ́n lórí igi. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn gbéregbère lójú omi dúró, ó yí imú sí àgbọn wíwọ́.

“Bàbá, ẹ mú sùúrù. Oòrùn kò tíì wọ̀,” ni Ìbídùnní ń wí. “Ẹ mú sùúrù, mò ń bọ̀.”

Oòrùn ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ wọ̀. Nígbà tó wá kan omi níkẹyìn, Ìbídùnní gbé agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí lérí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó já ewé kan létí ilé, ó fi bò ó, torí ó ti ṣèlérí ewé. Ó bọ́ sétí omi, ó ń rìn bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ tó fẹ́ tètè délé, ó sì dúró níbi tó rò pé igi ọ̀pẹ náà wà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o!”

Kò pariwo. Báwo ni ohùn yóò ṣe dé ọ̀hún? Ó kàn sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Omi dákẹ́. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ṣì ń lọ. Ó dúró pẹ̀lú agbọ̀n lérí, ọrùn ń dùn ún bíi pé ẹja wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kò sì jẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Iná orí òrùlé bàbá dúró lórí pupa tí kò tíì tó pupa. Ó wà bẹ́ẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, ó di ìyeyè, ó sì di àwọ̀ ewé, ewé tútù minijọ. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ yà sí apá ibòmíràn.

Ìbídùnní sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó sunkún. Kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni, kò mọ̀ bóyá torí pé kò sí ẹni tó lè pè kó wá wò ó ni. Bàbá wà lọ́hùn-ún, òun wà níhìn-ín, omi wà láàárín, àga kò sí mọ́.

Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ṣí ìwé tirẹ̀. Obìnrin kan ń fọ aṣọ létí odò. Ọṣẹ ń hó. Oòrùn ń wọ̀. Ó ka ibẹ̀, ó sì fi ìka sí i, ó dúró.

Iná tó wà lórí òrùlé tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yíjú wò ó. Bàbá nìkan ló wà ní ọ̀ọ́kán tó lè máa wò ó láti ọ̀hún.

Ó gbọ́ afẹ́fẹ́. Ó gbọ́ omi. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

“Oo,” ni Ìbídùnní dáhùn. “Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá. Ẹ sọ pákó yẹn kalẹ̀ ná, ó wúwo.”